Àdúrà ò jáde lẹ́nu mi mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Mi ò kọ nǹkan síbí rí, kíkà ni mo máa ń kà. Láti kékeré ni mo ti mọ Jésù, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ aṣàbẹ̀bẹ̀ ní ìjọ wa. Ṣùgbọ́n ó ti ń pẹ́ díẹ̀ báyìí, bí mo bá ti kúnlẹ̀, ahọ́n mi á wúwo. Mo ń ṣí Bíbélì, ojú mi ń sáré lórí ìlà, kò sí èyí tó ń wọlé níbẹ̀. Bí àwọn yòókù bá ṣe àmín, èmi náà á ṣe é, ṣùgbọ́n inú mi ṣófo.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn èrò kan máa ń já wọ ọkàn mi lẹ́nu àdúrà, ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run tí mi ò lè kọ síbí. Mi ò pè é, mi ò sì fẹ́ ẹ. Bó bá ti dé, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà látìbẹ̀rẹ̀ kó lè mọ́, á tún dé. Àbí mo ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì ni? Ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá_Àdúrà

Ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ ọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì yẹn, torí mo mọ bó ṣe máa ń jẹ èèyàn lọ́kàn láàárín òru.

Má ka ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ náà lásán o. Ka Mátíù orí 12 láti ẹsẹ 22 wá. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá, kò ríran, kò sì lè sọ̀rọ̀. Jésù wò ó sàn lójú gbogbo ayé. Àwọn Farisí wà níbẹ̀, wọ́n rí i kedere, wọ́n sì ní agbára Béélísébúbù ló fi ṣe é. Iṣẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ wà níwájú wọn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní iṣẹ́ èṣù, ara ò sì ta wọ́n. Àwọn ni Jésù ń kìlọ̀ fún pé ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́ kò ní ìdáríjì. Ẹni tó ti sọ ọkàn rẹ̀ di òkúta bẹ́ẹ̀ kì í bẹ Ọlọ́run tẹkúntẹkún pé kó má kọ òun. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí gan-an, ẹ̀rí ni pé Ẹ̀mí ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, èrò tó já wọlé lọ́tọ̀, èrò téèyàn gbà láyè lọ́tọ̀. Nínú aginjù, Sátánì sọ ọ́ sí Jésù létí pé kó wólẹ̀ kó sin òun. Ọ̀rọ̀ òdì tó jù yẹn lọ wo ló kù? Jésù gbọ́ ọ, kò sì dẹ́ṣẹ̀, nítorí gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí: má bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà látìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Má bá èrò náà jiyàn, má sì fi ìbẹ̀rù tì í dànù. Sọ pé, "Olúwa, O mọ̀ pé èyí kì í ṣe tèmi," kó o sì máa bá àdúrà rẹ lọ níbi tó o dé. Bó bá dé nígbà ogún, sọ ọ́ nígbà ogún. Bó o bá ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, o ò ní gbàdúrà parí láyé, ohun tí èrò yẹn sì ń fẹ́ nìyẹn.

Jagunjagun_Kristi

Ará, ogun ni. Ọ̀tá mọ̀ pé aṣàbẹ̀bẹ̀ ni ọ́, ìdí tó fi dojú kọ ẹnu rẹ nìyẹn. Ka Ẹfésù 6, ẹsẹ 10 sí 18. Ka Dáníẹ́lì orí 10: ọjọ́ 21 ni Dáníẹ́lì fi dúró, bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá ni wọ́n ti gbọ́ àdúrà rẹ̀ lọ́run, ọmọ aládé ìjọba Páṣíà ló dí áńgẹ́lì tó ń mú ìdáhùn bọ̀ lọ́nà. Ìdáhùn rẹ ti lè wà lójú ọ̀nà, má dákẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó o gba ààwẹ̀ ọjọ́ 3 láìjẹ láìmu, kó o sì máa jí láàárín òru títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọ á ṣí kúrò.

Nọ́ọ̀sì_Onígbàgbọ́

Ẹ̀gbọ́n wa Jagunjagun, mo bọ̀wọ̀ fún yín, èmi náà ń gba ààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ léèrè: Ọmọ_Ẹ̀yìn, báwo lo ṣe ń sùn? Ṣé o ń jẹun? Ǹjẹ́ àwọn ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀, tí kì í ṣe ti ìjọ rárá, ṣì ń dùn mọ́ ọ?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni Èlíjà. Nínú 1 Àwọn Ọba orí 18, ó dojú kọ àwọn wòlíì Báálì 450 lórí òkè Kámẹ́lì, iná bọ́ láti ọ̀run, òjò tó ti dáwọ́ dúró fún ọdún mélòó kan rọ̀. Ẹ ṣí ojú ìwé kan péré, ọkùnrin kan náà ló jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù tó ń sọ pé ó tó, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì dé. Kò bá a wí. Kò ní, "Ìwọ tó o pe iná sọ̀ kalẹ̀ lánàá dà?" Kò bá a lé ẹ̀mí èṣù kankan. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun. Àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹyín iná wà níbi orí rẹ̀, pẹ̀lú ìgò omi. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì náà jẹ́ kó sùn! Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ní kó jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn jù fún un. Ẹ̀yìn tó ti sùn, tó ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ti rin ọjọ́ 40 dé Hórébù ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sì ni.

Ọlọ́run ló dá ara. Ara tí kò sùn máa ń purọ́ fún ọkàn, á sọ fún un pé Ọlọ́run ti lọ. Dáníẹ́lì pàápàá, ẹ ka ẹsẹ 3 orí 10 yẹn: oúnjẹ adùn, ẹran àti wáìnì ló fi sílẹ̀, kò sọ pé kò jẹ kò mu fún ọjọ́ 21. Ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ààwẹ̀ aláìjẹ-aláìmu lè dá a dùbúlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń lo oògùn, ẹni tó lóyún, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ má gbà á láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ohun kan tún kù, àwa onígbàgbọ́ kì í sì fẹ́ gbọ́ ọ. Bí inú èèyàn bá bàjẹ́, tí ohun gbogbo sì sú u lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ yí padà, ó yẹ kó rí dókítà. Àwọn èrò òdì tó ń já wọlé yẹn, tó ń mú èèyàn tún àdúrà ṣe, tún àdúrà ṣe, àìsàn tí àwọn dókítà mọ̀ lè wà nídìí rẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú. Lílọ rí dókítà kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré. Lúùkù tó kọ ìwé Ìhìn Rere, oníṣègùn ni. Bó bá sì jẹ́ pé èrò àtikú ń wá sí ọ, má sùn mọ́ ọn lálẹ́ òní. Pe ẹnìkan tó sún mọ́ ọ, kí ó wá jókòó tì ọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn pọ̀.

Ọmọ_Ẹ̀yìn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, oorun mi ò dára mà. Mo máa ń jí ní òru, mi ò sì ní rí i sùn mọ́. Oúnjẹ, mo kàn ń jẹ ẹ́ kí wọ́n má bàa bi mí léèrè nílé ni. Kò sí èrò àtikú, mo dúpẹ́. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí èmi ni àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀bẹ̀ àdúrà wọn wá bá. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ aṣàbẹ̀bẹ̀ ni? Ó ń dà bíi pé àgàbàgebè ni mò ń ṣe.

Akọrin

Àgàbàgebè kọ́, ẹ̀gbọ́n. Alágàbàgebè fẹ́ kí èèyàn rí òun. Ìwọ ń wá nítorí pé Ọlọ́run lo fẹ́, bí o ò tilẹ̀ gbúròó Rẹ̀.

Ṣé o mọ bàbá tó gbé ọmọ rẹ̀ wá nínú Máàkù orí 9? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Jésù ní ohun gbogbo ṣeé ṣe fún ẹni tó gbàgbọ́. Bàbá náà kígbe pé òun gbàgbọ́, kí Olúwa ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Ẹnu kan náà ni, ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́ jọ jáde níbẹ̀. Jésù ò ní kó lọ tún ara rẹ̀ ṣe kó tó padà wá. Ó wo ọmọ náà sàn.

Ẹ tún wo Màmá Teresa tó tọ́jú àwọn tó ń kú lọ lójú títì ní Kolkata, tó sì kú ní 1997. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 2007, ayé wá mọ̀ pé fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 ọdún, òkùnkùn ló wà nínú ọkàn obìnrin náà nígbàkúùgbà tó bá ń gbàdúrà. Kò fi àdúrà sílẹ̀, kò sì fi àwọn aláìsàn sílẹ̀. Ta ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní alágàbàgebè?

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tèmi, kì í ṣe ohun ńlá: mo jókòó sáàárín àwọn akọrin, mo pa ẹnu mọ́, mo jẹ́ kí wọ́n kọrin yí mi ká. Ẹnikẹ́ni ò lé mi. Àwọn ọ̀rọ̀ orin náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Sílà ń kọrin láàárín òru nínú ẹ̀wọ̀n, Bíbélì sọ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù ń tẹ́tí sí wọn. Àwọn kan nínú wọn lè má lè kọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n kàn ń gbọ́ ni. Ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo wọn, ìdè gbogbo wọn sì tú. Jókòó sínú ẹgbẹ́ náà, kó o máa gbọ́. Bẹ olórí yín pé kó má pè ọ́ láti ṣáájú àdúrà fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn tó.

Olùkọ́_Ilé_Ẹ̀kọ́_Ìsinmi

Mo fẹ́ fi nǹkan kún ti Akọrin. Ìṣòro ọ̀pọ̀ wa ni pé ẹnìkan ti kọ́ wa pé ayọ̀ nìkan ni èdè ìgbàgbọ́. Ìwé Sáàmù ò sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta Sáàmù ló jẹ́ ẹkún àti arò. Sáàmù 13 béèrè "yóò ti pẹ́ tó" nígbà mẹ́rin nínú ẹsẹ 2 àkọ́kọ́, kó tó dé ẹsẹ 5 níbi tó ti sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Ọlọ́run. Sáàmù 42 ń bá ọkàn ara rẹ̀ wí, ó ń bi í pé kí ló dé tó fi rẹ̀wẹ̀sì.

Ṣùgbọ́n Sáàmù 88 ni mo fẹ́ kó o kà. Hémánì ni orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ó sì wà lára orin àwọn ọmọ Kórà. Ka gbogbo ẹsẹ 18 rẹ̀. O ń retí pé ó máa yí padà, pé "síbẹ̀ èmi yóò yìn Ọ́" máa dé. Kò dé. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn rẹ̀ ni òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ Sáàmù arò ló ń yí sí ìyìn kó tó parí, èyí kò yí. Wọ́n sì fi í sínú ìwé orin ìsìn, wọ́n ń kọ ọ́ níwájú Ọlọ́run. Bí Ọlọ́run bá gba Sáàmù 88 ní àdúrà, á gba tìrẹ. Kíyè sí ẹsẹ 1 rẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó wà nínú òkùnkùn yìí ṣì ń pè É ní Ọlọ́run ìgbàlà òun, ó sì ń kígbe tọ̀ Ọ́n lọ lọ́sàn-án àti lóru. Kò dákẹ́ fún Un. Ìgbàgbọ́ nìyẹn o, bí kò tilẹ̀ dùn lẹ́nu.

Nítorí náà, nígbà tí o ò bá ní ọ̀rọ̀, yá tiwọn. Ka Sáàmù kan sókè, kí etí rẹ gbọ́ ọ, má wo bó ṣe ń ṣe ọ́ lára. Kan lówùúrọ̀, kan lálẹ́. Má kà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ títún àdúrà ṣe tí Ìyá Àdúrà sọ, ìtàn kan wà tó bá a mu. Ní 1522, Ignatius ti Loyola, ọ̀kan lára àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì, wà ní Manresa ní ilẹ̀ Sípéènì. Ó ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sọ pé kò jẹ́wọ́ tán, á tún lọ jẹ́wọ́, á tún rántí òmíràn. Ó burú débi pé ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ó gba ààwẹ̀ odidi ọ̀sẹ̀ kan kí èyí lè kúrò, àfi ìgbà tí àlùfáà tó ń jẹ́wọ́ fún ní dandan kó jẹun. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹ̀mí tó ń fa òun padà sẹ́yìn yìí kì í ṣe ti Ọlọ́run, ó sì pinnu pé òun ò ní jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kankan mọ́. Ibẹ̀ ló ti bọ́. Ẹ̀mí Ọlọ́run máa ń fi ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó hàn wá, á sì fi ọ̀nà àbájáde hàn. Ẹ̀sùn tí kò ní orúkọ, tí kò sì ní òpin, ibòmíràn ló ti wá.

Jagunjagun_Kristi

Mo ka gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yín lórí oúnjẹ àti oorun dára, kí ó sùn, kí ó jẹun. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ ká gbàgbé pé ogun ṣì wà o. Ẹ̀yin náà ẹ wo Ẹfésù 6 dáadáa: ẹsẹ 11 ní kí ẹ lè dúró, ẹsẹ 13 ní kí ẹ lè dúró, ẹsẹ 14 ní nítorí náà ẹ dúró. Pọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀wọ̀n nígbà náà kò ní ká sáré, kò ní ká pariwo. Dúró ló ń sọ. Ohun àkọ́kọ́ tó ní ká dì mọ́ra ni òtítọ́. Ará wa yìí sọ òtítọ́ níbí, ó sọ pé òun ṣófo. Ó ti di àmùrè yẹn mọ́ra ná.

Mo máa gba ààwẹ̀ náà fún un. Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá lágbára kó dara pọ̀ mọ́ mi.

Bàbá_Alàgbà

Ọlọ́run á gbọ́ tiyín, Jagunjagun. Ohun tó yẹ kí àwa tó lágbára máa ṣe nìyẹn.

Ọmọ_Ẹ̀yìn, mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó o sọ pé o ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Nínú Máàkù orí 2, àwọn mẹ́rin gbé alárùn ẹ̀gbà lọ sọ́dọ̀ Jésù ní Kápánáúmù. Èrò dí ẹnu ọ̀nà pa. Wọ́n gun òkè ilé, wọ́n dá òrùlé olórùlé lu, wọ́n sọ ọkùnrin náà kalẹ̀ pẹ̀lú ibùsùn rẹ̀. Ẹsẹ 5 wá sọ pé nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*. Alárùn náà ò sọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ìtàn yẹn. Kò gbàdúrà. Ó kàn gbà kí wọ́n gbé òun ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwọ ti ń di igun ibùsùn ẹlòmíràn mú. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bó bá kan ìwọ láti dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n yan àwọn tó máa gbé ọ. Wá ẹni méjì. Ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti kàn rí, tó ṣì ń sin Ọlọ́run. Má sọ fún ẹni tó máa sọ ọ́ di kókó àdúrà lórí pèpéle ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tó o bá rí wọn, má ṣe àlàyé gígùn. Sọ pé, "Mi ò lè gbàdúrà lásìkò yìí. Ẹ bá mi gbà á. Ẹ máa pè mí ní alẹ́ ọjọ́ méjì méjì." Jákọ́bù orí 5 ní kí aláìsàn *pe* àwọn alàgbà, ó túmọ̀ sí pé a ò lè mọ̀ bí o ò bá pè wá.

Bí ẹnikẹ́ni, wòlíì ni o, pásítọ̀ ni o, bá ní kó o san nǹkan kí òun tó gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún ọ, yà kúrò níbẹ̀. Jésù ní ọ̀fẹ́ la gbà á, ọ̀fẹ́ ni ká fi fúnni. Èyí tó bá sì fi ẹ̀rù mú ọ, tó ní ohun burúkú máa ṣẹlẹ̀ bí o ò bá padà wá, má padà síbẹ̀.

Má sì rò pé ipò tó o wà nínú ìjọ ló yẹ kó dáàbò bò ọ́ lọ́wọ́ èyí. Charles Spurgeon, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wá gbọ́ ìwàásù rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 22 ni ní 1856 nígbà tí ẹnìkan pariwo iná níbi tó ti ń wàásù. Kò sí iná. Èrò tẹ èrò mọ́lẹ̀, èèyàn 7 kú. Títí ó fi fi ayé sílẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá a fínra, ó sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìwàásù lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má bàa rò pé ẹni ìtanù ni àwọn nígbà tó bá kan àwọn.

Ọ̀dọ́_Onígbàgbọ́

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Tèmi kúrú. Àdúrà kúkúrú ló gbà mí. Nígbà tí Pétérù ń rì, kò ráyè ìfáàrà, "Olúwa, gbà mí" ló sọ, ọwọ́ sì kàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Agbowó òde inú Lúùkù 18 náà, gbólóhùn kan péré ló ní. Ní Gẹtisémánì, Olúwa wa fúnra Rẹ̀ gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Mátíù sì sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ. Hánà ò tiẹ̀ gbóhùn sókè, ètè rẹ̀ ló ń mì, tí Élì fi rò pé ó ti mutí yó. Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Àwọn Kristẹni Ìlà-Oòrùn, ìyẹn àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ní àdúrà kan tí wọ́n ti ń gbà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún: "Olúwa Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀." Wọ́n máa ń sọ apá kìíní bí wọ́n bá ń mí sínú, wọ́n á sọ apá kejì bí wọ́n bá ń mí síta, jẹ́jẹ́. Bí oorun bá dá lójú mi lóru, òun ni mo máa ń sọ lórí ibùsùn. Mi ò ní dìde, mi ò ní tan iná. Nígbà míì oorun á gbé mi lọ lẹ́nu ẹ̀, mi ò sì ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá_Àdúrà

O wí ire, ọmọ mi. Róòmù 8:26 náà ń bẹ níbẹ̀: a ò mọ bó ṣe yẹ ká gbàdúrà, Ẹ̀mí fúnra Rẹ̀ ló ń fi ìkérora tí a ò lè fẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Ọmọ_Ẹ̀yìn, aṣàbẹ̀bẹ̀ ni ọ́, o mọ ohun tó ń jẹ́ ìkérora. Ẹlòmíràn ló ń ké e fún ọ báyìí.

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣèlérí ohun tí Ọlọ́run ò ṣèlérí fún un. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, ẹ̀gún náà ò kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ tó tó fún un ni wọ́n fún un. Ó lè yá, ó lè pẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Olúwa sọ fún Pétérù kó tó ṣubú rárá pé òun ti gbàdúrà fún un kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má bàa yẹ̀. Pétérù ò tíì mọ̀ pé òun máa nílò àdúrà yẹn.

Ọmọ_Ẹ̀yìn

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀. Inú mi ṣì ṣófo, mi ò ní purọ́. Mo ka Sáàmù 88 sókè. Èrò yẹn já wọlé lẹ́ẹ̀mejì, mi ò padà sẹ́yìn. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan nínú ìjọ, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, òun á sì bá mi lọ rí dókítà. Jagunjagun, Ọlọ́run á san ààwẹ̀ yìí fún yín.

Aya_Onígbàgbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Ọkọ mi ló wà nínú irú èyí. Kò lọ sí ìsìn mọ́, bí mo bá sì ní ká gbàdúrà, á dìde kúrò lọ́dọ̀ mi. Kí ni mo lè ṣe?

Bàbá_Alàgbà

Ìyàwó wa, ẹ kú ìfaradà. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù dé, ọjọ́ 7 àti òru 7 ni wọ́n fi bá a jókòó sílẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ba iṣẹ́ rere yẹn jẹ́, ní ìparí ìwé náà Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ bínú sí ohun tí wọ́n sọ. Nítorí náà, ẹ má bi í pé ṣé ó ti gbàdúrà lónìí. Ẹ má fi ti ọkọ ẹlòmíràn wé tirẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ líle sí Ọlọ́run, ẹ má yára gbèjà Ọlọ́run. Jóòbù sọ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ máa gbàdúrà tiyín, kó mọ̀ pé ẹ̀ ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á sí i létí bí ìbáwí. Ní alẹ́, kó tó sùn, ẹ lè béèrè bóyá ẹ lè gbé ọwọ́ lé e ní èjìká kí ẹ sì sọ gbólóhùn kan. Bó bá kọ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tún béèrè ní ọjọ́ mìíràn. Kí ọkùnrin kan tó fẹ́ràn wá kí i láti inú ìjọ, kó wá bá a ṣeré, kó má mú Bíbélì dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ka ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì wa béèrè lókè nípa oorun àti oúnjẹ, kí ẹ sì fi wo ti ọkọ yín. Kí ẹ̀yin náà sì wá ẹni méjì tiyín.